Àpò Àlùbọ́sà

Òjò kì í rọ̀ ní òkè tí à ń gbé lẹ́yìn Límà.
Ìkùukùu ni ó ń gun òkè wá láti òkun
bí oṣù kẹfà bá ti dé,
a fọwọ́ tútù kàn wá lẹ́rẹ̀kẹ́,
a sì kọjá láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu òun mu.

Ọkọ̀ olómi ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bó bá wù ú.
Owó àgbá kan ju owó búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ kan lọ.
Ta ni yóò wá bu irú omi bẹ́ẹ̀ fún tòmátì?

Ìyá àgbà wa, Herminia, kò bá wa jiyàn.
Ó tú àpò àlùbọ́sà mẹ́ta, pupa, oníhò wínníwínní,
ó fi okùn ìwọ̀ ẹja rán wọn pọ̀,
ó nà wọ́n sáàárín igi ìgbálẹ̀ méjì.
Ó la páìpù ike sí abẹ́ wọn,
ó gbé garawa ọ̀dà sí ẹnu páìpù.

Wilmer, ẹ̀gbọ́n mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó:
“Màmá, ṣé afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ fi àwọ̀n mú?”
“Bàbá àgbà rẹ ń fi àwọ̀n mú ẹja tí kò rí.”
Ó wọlé lọ sùn.

Lóru mo gbọ́: *tó*.
Ó pẹ́.
*Tó*.
Ó ń wí pé ó tó, kò sì tíì tó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti dé ìdajì garawa,
ó ń rùn àlùbọ́sà díẹ̀.
Wilmer ò sọ̀rọ̀. Ó jáde lọ wá igi ìgbálẹ̀ sí i.
Zoraida ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ń wá tirẹ̀ di òní.

Tòmátì wà nínú táyà.
Ẹ̀fọ́ wà nínú akoto tí àbúrò Màmá fi wa kùsà,
gbòǹgbò ń rìn kiri níbi tí èrò ń gbé rí.

Gbogbo ọgbọ́n kọ́ ló jẹ́ o.
A lọ èèpo ẹyin yí ìdí ewé ká nítorí ìgbín;
ìgbín gùn ún bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé àna.
Tọ́ọ̀ṣì àti ìka ọwọ́ la padà fi ṣa wọ́n,
Màmá níwájú, èmi pẹ̀lú agolo lẹ́yìn.

Tòmátì àkọ́so kò ju àtàǹpàkò lọ.
Màmá gé e sí márùn-ún.
Iyọ̀ nìkan la rà.