Fèrèsé Tí Kò Gbọ́ràn

Wọn kì í fi nọ́ńbà pe yàrá níbí.
Orúkọ ẹ̀fúùfù ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan,
lẹ́tà wẹ́wẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nílé ọlọ́lá.
Tèmi ni Mẹlitẹ́mì, afẹ́fẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn
tí í gba fìlà lórí arúgbó, tí í jù ú sínú òkun,
tí kì í bẹ̀bẹ̀.
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ:
ta ni wọ́n bi léèrè nínú ilé yìí?

Ògiri funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Bẹ́ẹ̀dì funfun.
Òkúta kan ṣoṣo lórí tábìlì, wọn ò sọ ohun tó wà fún.
Ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́ta nínú àwo tánńganran,
ọṣẹ tó ń ta sánsán bí ewé ólífì lẹ́yìn òjò.
Ibi ìwẹ̀ jìn bíi kànga, òkúta ni wọ́n gbẹ́.
Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mo ń wẹ̀ níbẹ̀,
nítorí mo ti sanwó, owó náà sì ń dùn mí.

Fèrèsé nìkan ni kò gbọ́ràn.
Pákó àtijọ́ aláwọ̀ aró, ìkọ́ irin tó ti dípẹtà.
Mo tì í, mo fà á, mo fi èjìká sí i.
Pandẹlís, ọ̀dọ́mọkùnrin ìsàlẹ̀, gòkè wá,
ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó làágùn,
ó ní ayàwòrán-ilé láti Átẹ́nì ló ní kí wọ́n má pààrọ̀ rẹ̀:
"Ẹwà ni. Ẹ má bínú." Ó tan ẹ̀rọ amúlétutù fún mi.
Òkun dákẹ́ lẹ́yìn gíláàsì bí ẹja inú ìgò.

Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọlé,
Zambẹ́tà, aṣọ dúdú, bàtà rọ́bà,
ọwọ́ tó le bí okùn ọkọ̀.
Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju ogún ọ̀rọ̀; Gíríìkì tèmi, mẹ́rin.
Ó wo fèrèsé, ó wò mí, ó pòṣé.
Ó fi ọwọ́ òsì ti ìsàlẹ̀ ìkọ́ náà,
ó gbé e sókè díẹ̀, díẹ̀ báyìí,
bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn kúrò léjìká,
ó wá fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.
Ó ṣí. Kò tilẹ̀ dún.

"Bàbá," ló wí, ó tọ́ka sí ìkọ́.
Ó tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì: "Mána. Èmi."
Ó fi ọwọ́ ya ikùn ńlá, ó ké bí ọmọ tuntun.
Ó tọ́ka sí ibi ìwẹ̀ mi, ibi ìwẹ̀ olówó iyebíye,
ó fi ìka méjì ṣe ìwo sórí, ó ní: mẹ̀ẹ̀ẹ̀.
Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀!
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwa méjèèjì.
Tirẹ̀ kò tètè gbẹ bíi tèmi.

Pandẹlís ló sọ iye tí wọ́n ra ilé náà
lọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, lọ́dún tí gbèsè mu gbogbo wọn dọ́rùn.
Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. N ò ní sọ ọ́.
Àwọn tó sun yàrá yìí láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan ti san án tán.

Láàárọ̀ tí mo ń lọ, èmi fúnra mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó wọlé, ó tú u palẹ̀ láìwí nǹkan kan,
ó tún un tẹ́, igun rẹ̀ mú bí igun lẹ́tà.
Àlejò ni mí; n ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ nílé yìí.
Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Mẹlitẹ́mì wọlé, kò kanlẹ̀kùn,
ó ti aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó gba ibi ìwẹ̀ lọ tààrà,
bí ẹran tó mọ ibùsùn rẹ̀.