Owó Oúnjẹ Ajá

Lọ́jọ́ Ẹtì, Delbert kan ilẹ̀kùn mi,
ó na igba dọ́là sí mi pẹ̀lú okùn ajá.
"Ìwọ ni o ò ní lọ," ó ní, kò fi ṣe èébú.
"Bí ìpè bá dún lọ́jọ́ Àìkú, bá mi máa bọ́ Bísíkíìtì.
Kò fẹ́ràn ẹran inú agolo."

Ó ti ta màlúù mọ́kànlá lọ́pọ̀.
Àgbàdo gbó lóko, kò kórè.
Verna ìyàwó rẹ̀ ṣì ń rọ ẹ̀wà sínú ìgò, ó ń dé e pa.
Mo ní, ti ta ni?
Ó ní, "Ọwọ́ ni kò gbọ́."

Alẹ́ Àìkú, ojú ọ̀run Nẹbráskà mọ́ gaara,
ìràwọ̀ kan ò yẹ̀ lẹ́sẹ̀.
Èmi àti ajá jókòó lẹ́nu ọ̀nà.
Kí n má purọ́, etí mi náà là sílẹ̀:
ọkọ̀ ojú irin tó kó àlìkámà fọn fèrè,
mo dìde dúró.

Ọjọ́ Ajé, Delbert dé, fìlà lọ́wọ́.
"Pásítọ̀ ní àwọn ṣi ọjọ́ kà. Oṣù Kẹta ni."
Àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la;
ọ̀la tiwọn ló ń ku ogún ọdún,
láti ayé ìyá ìyá Delbert.

Mo dá owó rẹ̀ padà.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ dọ́là márùn-ún fún mi:
"Ó ṣáà jẹun ọjọ́ mẹ́ta."
Bísíkíìtì ti sáré kọjá àwa méjèèjì,
ó gba ọ̀nà ilé ìdáná lọ,
níbi tí Verna ti ń ṣí ìgò ẹ̀wà.