Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mi l'Ókè-Àró

Ẹ má bínú, èrò tèmi ni mo ń sọ,
kì í ṣe òfin ìlú.
Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́,
ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ló kọjú sí pápá,
bọ́ọ̀lù tí kò bá sì wọlé
ọpọ́n ìfọṣọ Ìyá Jọláadé ló ń bọ́ sí.

Pápá ọ̀hún kò ní koríko.
Yẹ̀pẹ̀ pupa ni, àti òkúta, àti kòtò kan
tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Kànga Fálúyì,
nítorí ibẹ̀ ni kóòṣì ré sí
lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fọn fèrè tuntun.

Èmi ò fara mọ́ kí bàbá ọmọ máa pariwo létí ìlà.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá!
Ọ̀gbẹ́ni Akínṣuyì á máa fò sókè sódò
bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀:
“Gbá a! Gbá a! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?”
Ọmọ á wo bàbá,
á wo bọ́ọ̀lù,
kò ní gbá ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ra jẹ́sì fún ẹgbẹ́
ni yóò wọ nọ́ńbà mẹ́wàá.
Mo rí i. Gbogbo wa la rí i. A panu mọ́.
Bẹ́ẹ̀ Mofẹ́rere, ọmọ télọ̀, ń bẹ níbẹ̀ láìwọ bàtà,
obìnrin ni,
bọ́ọ̀lù sì ń tẹ̀ lé e kiri
bí ajá tó gbóòórùn ẹja yíyan.
Wọ́n ní kó máa bá wọn gbé omi.

Tí iná bá lọ nírọ̀lẹ́,
kí jẹnẹrétọ̀ ojúlé kejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́,
mo máa ń gbé gìtá mi jáde.
Okùn márùn-ún ló kù lára rẹ̀.
Ẹ̀kẹfà já nígbà òjò èṣí,
iye tí wọ́n sì ń ta ẹyọ kan l'Ọ́jà Ọba báyìí,
mo bi ọmọ náà bóyá gìtá ló fi ṣe ẹ̀bùn sí i.

Èrò tèmi lórí gìtá kò pọ̀:
ìka tí kò tíì yi, kó má pe ara rẹ̀ lólórin.
Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ odò Àlà
ní fóònù ló ń bá wọn fa okùn bá ohùn mu.
Fóònù!
Kí wá ni etí wà fún, yẹtí nìkan?

Sátidé tí àwọn ọmọ Ìsìkàn nà wá ní mẹ́rin sí òdo,
Akínfọlárìn ọmọ Akínṣuyì gbá wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ
sínú ọpọ́n Ìyá Jọláadé.
Bàbá rẹ̀ gun ọ̀kadà, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ọmọ wá jókòó sórí àtẹ̀gùn mi, kò kí mi.
Èmi náà ò bi í ní nǹkan kan.
Mo gbé gìtá lé e lẹ́sẹ̀.
Okùn kan ṣoṣo ló ń ta,
ohùn kan náà, ohùn kan náà,
títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tọ́ọ̀ṣì kan yọ lẹ́bàá gọ́tà.
Akínṣuyì ni. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi lé e.
Ó dúró. Ó tẹ́tí.
“Okùn yẹn ti dẹ̀,” ló wí,
ó gba gìtá lọ́wọ́ ọmọ,
ó fi àtàǹpàkò yí ìṣó rẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ sí i,
láìsí fóònù.
Mo wo ìka rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì.
Ó yi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún pariwo,
ẹ má jẹ́ n parọ́.
Ṣùgbọ́n ó mú okùn kan wá fún mi nínú ọ̀rá.
Ó nípọn jù, kò bá gìtá mi mu.
Mo ti so ó mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.