Orúkọ Bàámi Létí Wàràkàsì

Yìnyín ti ń bọ́ láti àárọ̀ ní Pradatsch,
òkè méjèèjì ò ní etí mọ́, wọ́n ti wọnú ojú ọ̀run lọ.
Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní ilé ìdáná Màámi,
mo fa òbìrí kan, ó rí róbótó,
mo ní kí ọ̀rọ̀ máa tọ etí rẹ̀ lọ.

Ìwé àlẹ̀mọ́ wàràkàsì ọdún yìí ni,
èyí tí Bàámi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wàrà rẹ̀ lóṣù kẹfà,
tí kò lè dúró kó gbó.

Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò tọ etí.
Ó nà gbọọrọ, ó la àárín òbìrí kọjá
bí ẹni tó ń gba inú oko olóko lọ sílé.
Mo tẹ èyí, mo tẹ tọ̀hún,
mo dá a padà, mo tún un tẹ̀,
àfi wìì tó tẹ̀, tó sì bọ́ sójú ipa,
lẹ́tà ń tò tẹ̀lé lẹ́tà bí èèrà létí àwo oyin,
orí wọn níta, ẹsẹ̀ wọn nínú,
bí àwa ọmọ ṣe ń sùn yí àdògán ká nígbà òtútù ńlá,
tí oníkálukú na àtẹ́lẹsẹ̀ síná.

Ṣé ó tán? Kò tán.
L àti Z fi àyè sílẹ̀ láàárín bí eyín tó ká.
Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì yípo délé,
H tó kẹ́yìn gun O tó ṣíwájú lórí,
wọ́n wé mọ́ra, n kò lè ka ọ̀kankan nínú wọn.
Mo sọ lẹ́tà di kékeré: ojú Màámi ò ní rí i.
Mo fẹ òbìrí lójú: ó yọ kúrò lórí ìwé.
Mo sún wọn mọ́ra: wọ́n fún pọ̀
bí àgùntàn tí ààrá ká mọ́ ẹ̀yìn àpáta.

Màámi nu ọwọ́, ó wá dúró lẹ́yìn mi,
ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà yípo, kò yára.
"Kí lo kọ síwájú Balzer yìí?"
Mo ní, "Olóògbé ni, Màámi."
Ó dákẹ́. Omi ń hó lórí iná.
"Yọ ọ́ kúrò.
Ohun tó ṣì ń mí nísàlẹ̀ ilé,
o fẹ́ lẹ ikú mọ́ ọn létí?"

Mo yọ ọ́.
Àwọn tó kù sún, wọ́n mí,
B rí ibi dúró sí, H rí ibi parí sí,
àyè díẹ̀ tún ṣẹ́ kù láàárín àwọn méjèèjì.
Mo fẹ́ fi ìràwọ̀ kan dí i, tàbí òdòdó.
Màámi ní kí n fi í sílẹ̀.

"Àwọn tìsàlẹ̀ wá ńkọ́?" ni mo bi í.
"Wọ́n dorí kodò. Ta ni yóò kà wọ́n?"
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀,
àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ín.
Ó mú fìtílà, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀,
òórùn iyọ̀, òórùn pákó tútù, òórùn ẹ̀wù Bàámi.
Ó gbé wàràkàsì kan, ó fi àtàǹpàkò di etí rẹ̀ mú,
ó yí i, ó tún un yí.
"Ṣé o rí ẹni tó ń ka èyí lórí ìdúró rí?
Yíyí là ń yí i.
Èyí tó wà nísàlẹ̀ lónìí, ó di tòkè lọ́la.
Ibi àtàǹpàkò mi yìí sì ni àyè tí o fẹ́ dí."

Ó na àkísà omi iyọ̀ sí mi.
Ogójì ló kù tí a ò tíì yí.