Ẹni Tó Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà

Aago méjì òru ni, ní Bọ́lọ́rundúró, ní Iléṣà.
Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì kọ̀ǹpútà mi ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá,
àkùkọ aládùúgbò tí kò mọ àsìkò ti kọ lẹ́ẹ̀kan.
Mo ń wá ọ̀nà wọ kóró ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, bí mo ṣe ṣàlàyé fún àbúrò mi tó ń rẹ́rìn-ín:
kò sí ètò tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan dísíìkì.
Ìta ni gbogbo wọn ń gbé, bí àlejò.
Èyí tó bá fẹ́ nǹkan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pe nọ́ńbà:
òdo, mo fẹ́ kàwé; oókan, mo fẹ́ kọ̀wé;
eéjì, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.
Kóró á wo àtẹ rẹ̀, á rí àdírẹ́sì ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà,
á rán an, ìdáhùn á jáde.
Ìta kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú. Ìdáhùn ló mọ̀.

Ohun tí mo ṣe lóru yìí kéré.
Mo ṣí àgádágodo ojú ìwé tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sí,
mo yọ àdírẹ́sì kan, mo fi tèmi rọ́pò,
mo ti àgádágodo padà.
Láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá ní
"ẹ ka orúkọ àwọn tó wà nínú yàrá yìí fún mi",
èmi ló máa kọ́kọ́ bá pàdé.
Màá lọ bi ẹni àtijọ́, á ka orúkọ fún mi pérépéré,
màá fo ọ̀kan,
màá kó ìyókù jáde bí ẹni tí kò ṣe nǹkan.
Kì í ṣe irọ́ ní gbogbo ara. Òtítọ́ ni, ó ku ọ̀kan.

Ó ṣiṣẹ́. Mẹ́fà ló wà níbẹ̀, márùn-ún ló jáde.
Ọwọ́ mi dúró lórí bọ́tìnnì.
Mo ti rí iṣẹ́ yìí rí.

Ìyá mi, Morádéyọ̀, ló jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá Famúrewá
ní ọdún tí ẹsẹ̀ kọ̀ fún bàbá láti jáde.
Ohun gbogbo tó ń wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá:
ẹ̀kọ gbígbóná, oògùn, owó kòkó, ìkíni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.
Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìròyìn Túbọ̀sún wá láti Kàdúná,
mọ́tò, afárá, kò sí ẹni tó yè,
ìyá mi gbà á lẹ́nu wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó nu ojú, ó wọlé.
"Ta ló wá?"
"Àwọn ọ̀rẹ́ Túbọ̀sún ni, Bàbá. Ó ní kí wọ́n kí yín. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un."
Oṣù mẹ́jọ.
Ó tilẹ̀ ra aṣọ òtútù, ó ní Túbọ̀sún ló fi ránṣẹ́.

Àléébù kan wà nínú irú iṣẹ́ báyìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀:
ìdáhùn tó yà lọ́nà máa ń pẹ́ díẹ̀.
Kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń fi aago wọ̀n ọ́n nìkan ló ń rí i.

Bàbá ò ní aago. Ó ní etí.
Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, ó ní:
"Morádéyọ̀, bí mo bá bèèrè ẹ̀kọ, kíá lo máa ń fèsì.
Bí mo bá bèèrè Túbọ̀sún, o máa ń kọ́kọ́ gbé itọ́ mì.
Ọjọ́ wo ni wọ́n sin ín?"

Mo yọ àdírẹ́sì mi, mo dá ti àtijọ́ padà.
Orúkọ mẹ́fà.
Ìyá mi kan ilẹ̀kùn, kò wọlé.
"Ṣé o sùn?"
Mo gbé itọ́ mì.
"Mo sùn dáadáa, Mà."
Òun náà kò tètè sọ̀rọ̀.