Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́

Adéèfowórà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
ẹrù rẹ dé láti Ṣàgámù lánàá.
Páálí gígùn kan báyìí.
Mo rò pé òfìfo ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà fún ọlọ́kadà.
Mo tú u. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀,
dúdú bí ìdí ìkòkò,
fúyẹ́ bí ìlérí ẹni tí kò ní í san gbèsè.

Àwa sọ ọ́ lórúkọ pé adé kì í ṣe ohun à ń fowó rà,
ìwọ wá lọ fowó ra afẹ́fẹ́.

Apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́ta lo tà nítorí káábọ̀nù yìí.
Obì tí ìyá rẹ fi ewé bò, tó ń tú wò láràárọ̀,
tó ń ṣa kòkòrò kúrò lára rẹ̀
bí ẹni ń ṣa iná lórí ọmọ.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe
nídìí igi ọsàn yìí, ní Ìpẹru,
mi ò tíì rí ohun tó wọ́n nítorí pé kò wúwo.
Nígbà tiwa, ìwúwo là ń sanwó fún.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Fáósíyà ẹlẹ́ja dídì.
A gbé ti àtijọ́ lé òṣùwọ̀n, a gbé tuntun lé e.
Ìyàtọ̀ wọn ò tó ààbọ̀ omi inú ọ̀rá.
Fáósíyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
“Kí ló dé tí kò kàn tọ̀ kó tó gun kẹ̀kẹ́?”

Síbẹ̀, mo bá ọ dè é mọ́ ọn.
Wẹ́rẹ́ ni mo ń yí sípánà,
nítorí ìwé tó bá a wá ní kí n má fún un jù:
bí mo bá fún un jù, yóò sán,
etí ẹnikẹ́ni ò sì ní í gbọ́.
Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.
Ènìyàn ni irin.
Bí ara rẹ̀ ò bá yá, a tẹ̀, a dípẹtà,
a máa dún kíríkírí sí ọ létí láti Ìpẹru dé Ìlíṣàn
títí wàá fi sọ̀ kalẹ̀ bi í pé kí ló dé.
Èyí ò sọ nǹkan kan.
Ó dákẹ́ bí ayálégbé tó ti pinnu láti kó jáde lóru.

Sé ìwọ náà lo sọ fún mi
pé Sùbérù ọlọ́gẹ̀dẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́ baba rẹ̀,
ìdì mẹ́ta lẹ́yìn, sálúbàtà lẹ́sẹ̀,
kọjá rẹ lórí òkè Àgọ́-Ìwòyè,
ó tún kí ọ pé o kú iṣẹ́?

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí, kí n fi ẹnu àgbà pa á dé.
Ṣùgbọ́n irọ́ ò yẹ ẹni tó ń tún bíréèkì ṣe.

Ní ìdájí òní, mo gùn ún.
Mo ní kí n kàn dán an wò dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, kí n yí padà.
Mi ò yí padà.
O mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yìí,
èyí tó máa ń kú bí mo bá ti gun orí òkúta wẹ́wẹ́,
tí n kì í lè fi di bọ́tìnnì.
Ó dé Ìlíṣàn láìkú.
Ọ̀nà ń gbọ̀n nísàlẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń gbọ̀n,
gbígbọ̀n náà ò gòkè wá,
bí ìjà tọkọtaya nínú yàrá kejì
tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí.
Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà.
Mo fi ọwọ́ náà di bọ́tìnnì mi.
Mo tú u, mo tún dì í.

Kò ní í mú ọ yá ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo ṣì sọ bẹ́ẹ̀.
Ọmọ ọdún méjìlélógún
tó ń sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń jí láìna ẹ̀yìn,
kí lo fẹ́ fi ṣe?
Màá san apẹ̀rẹ̀ méjì.
Gbé e lọ fún ìyá rẹ,
sọ fún un pé ìwọ lo jẹ ọ̀kan tó kù.

Ti irin rẹ rèé, mo ti nù ún.
Ó ń dún díẹ̀.
Máa gbọ́ ọ.