Afárá Ọjọ́ Ẹtì

Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pín kàlẹ́ńdà ní oṣù kìíní,
àwọn yòókù ń wo fọ́tò alága àti agbádá rẹ̀;
èmi ti yọ bírò pupa.
Mo ń wá ìsinmi ìjọba tó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀,
kí n fi Ẹtì kan ṣoṣo ṣe pákó,
kí n tẹ́ ẹ kan Àbámẹ́ta,
kí ọkọ mi rí ibi gbà kọjá wálé láti Lọ́kọ́ja.

Ìsinmi tó bá bọ́ sí Ọjọ́rú, ọmọ òrukàn ni.
Èyí tó bá bọ́ sí Àbámẹ́ta,
omi tí wọ́n bù dà sódò ni, ta ni yóò dúpẹ́ rẹ̀?

Ìtùnù àwẹ̀ ọdún yìí, kàlẹ́ńdà ní Ọjọ́bọ̀ ni.
Mo kọ lẹ́tà, mo gbé e lọ sí yàrá kejìdínlógún ní Aberé.
Alàgbà Fáníyì wo lẹ́tà, ó wò mí,
ó wo fáànù tí kò yí.
"Ìwọ náà tún dé, Ìyáàfin Adéṣìyan.
Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù fún ọ títí ọdún yóò fi parí."
Mo ní kó yọ ọ̀kan níbẹ̀.
Ó yọ ọ́ bí ẹni ń yọ eyín.

Gbóyèga náà ti ṣètò tirẹ̀:
Àlíù yóò ṣọdún ní Ọjọ́bọ̀,
yóò wá bá a ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ní Ẹtì àti Àbámẹ́ta.
Ó wọkọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú.
Aago mẹ́jọ alẹ́ ló dé Òkè-Baálẹ̀,
eruku ojú ọ̀nà wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
Kò tí ì fọwọ́ tán tí rédíò fi sọ̀rọ̀:
oṣù kò lé.
Àwẹ̀ di ọgbọ̀n. Ọdún di Ẹtì. Ìsinmi di Ẹtì àti Ajé.
Fóònù rẹ̀ dún. Àlíù ni. Àlíù ń tọrọ àforíjì
bí ẹni pé òun ló fi òṣùpá pa mọ́.

Ọjọ́bọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́.
Ọjọ́ àbọ̀ ni wọ́n pè é, ọkọ mi sì ní láti padà.
Nígbà tí mo wọlé ní aago mẹ́rin àbọ̀,
ó ti fọ abọ́, ó ti lọ,
ó ti rán nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya láti ọdún Kérésì,
òwú dúdú lára nẹ́ẹ̀tì funfun,
abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀, kò gbàgbé, ó fi í hàn mí ni.

Ẹtì tí mo fi ẹ̀bẹ̀ gbà,
ìjọba fi ta gbogbo ìlú lọ́rẹ.
Mo bẹ Alàgbà Fáníyì kó dá ọjọ́ mi padà.
Ó ní ìwé tí a ti buwọ́ lù
kì í ṣe aṣọ tí a ń gbé padà fún aláṣọ.
Ìyá Músílíù gbé ìrẹsì ọdún wá,
ó ní, "Bàbá ńkọ́?"
Mo ní ó ti jẹ tirẹ̀ lánàá.
Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi sinmi.
Ẹ̀fọn kan kò wọlé.

Ṣùgbọ́n ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ń bọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe,
kì í dúró de òṣùpá.
Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí.
Àwa ará Ọ̀ṣun yóò sinmi; iṣẹ́ ni ní Lọ́kọ́ja.
Gbóyèga ní ká ṣì máa wo bí yóò ṣe rí.
Èmi kò wo nǹkan kan.
Ọjọ́ mẹ́ta ló kù mí kù, mo ti kọ lẹ́tà fún ọ̀kan.
Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni n ó wọkọ̀.
Kó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀,
n ó jókòó sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ yìí,
n ó máa wá ohun tó ya.